Ibo Ni Wọ́n Ń Sùn Nísinsìnyí? Ìgbéléwọ̀n Ibùgbé Pàjáwìrì fún Àwọn Tí Rògbòdìyàn Lé Nílé ní Ilẹ̀ Yewa

 

Ní oṣù kejì ọdún 2021, nígbà tí ìjà àgbẹ̀ àti darandaran gbóná janjan ní Àríwá Yewa, àwọn ènìyàn sá kúrò ní Orílé-Ìgbóòrò, ní Agbọ́n-Òjòdú, ní Àsá, ní Ìbẹ̀kú àti ní àwọn abúlé mìíràn lágbègbè Ẹgùá àti Ọjà-Ọdán. Ẹ̀mí ṣòfò. Iná jó ilé, ó jó oko. Àwọn kan sá wọ àárín ìlú, àwọn mìíràn gba ọ̀nà igbó kọjá sí ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn àti ẹrù lórí. Bọ́dà Ìdìrókò, tó tóbi jù ní ìpínlẹ̀ Ògùn wa, ṣì wà ní títì nígbà náà. Ìjọba àpapọ̀ ló tì í ní oṣù kẹjọ ọdún 2019, oṣù kẹrin ọdún 2022 ni wọ́n sì tó ṣí i padà. Ṣùgbọ́n ẹni tí ìbọn ń lé kì í wá ibi tí kọ́sítọ́ọ̀mù wà. Àwọn oníròyìn wá, àwọn aláṣẹ wá, ìrànwọ́ wá, gbogbo ènìyàn sì tú ká.

Ìbéèrè tí mo gbé wá sí iwájú yín lónìí kò ju ẹyọ kan lọ. Nígbà tí ọdún yípo, ibo ni àwọn ènìyàn wọ̀nyẹn ń sùn? Mo gbà pé òun ni ìdíwọ̀n tó yẹ kí a fi wọn gbogbo ètò ibùgbé pàjáwìrì, ì báà jẹ́ ti ìjọba, ti ìjọ, ti mọ́sáláṣí, tàbí ti àwọn ọmọ Yewa tó wà lókè òkun. Iye mátírẹ́ẹ̀sì tí a pín kò dáhùn rẹ̀, iye àpò ìrẹsì kò sì dáhùn rẹ̀.

Kí n tó lọ síwájú, ẹ jẹ́ ká rántí irú ilẹ̀ tí a wà lórí rẹ̀. Àwọn baba wa kì í ṣe àlejò sí ọ̀rọ̀ sísá àsálà. Àwọn ọmọ ogun Dàhómì fọ́ Òkè-Ọdán ní ọdún 1848. Wọ́n fọ́ Kétu, tó wà ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ lónìí, ní ọdún 1886, wọ́n sì kó àwọn ará ìlú náà lẹ́rú lọ; ìgbà tí àwọn Faransé ṣẹ́gun Dàhómì ni àwọn tó ṣẹ́kù tó padà wá, tí wọ́n tún Kétu tẹ̀ dó ní nǹkan bí ọdún 1894. Nígbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé fi ìwé àdéhùn ọjọ́ kẹwàá oṣù kẹjọ ọdún 1889 pín ilẹ̀ wa sí méjì, kò pẹ́ tí àwọn tó bọ́ sí apá Faransé fi bẹ̀rẹ̀ sí í sá wá sọ́dọ̀ wa. Iṣẹ́ àfipáṣe ni wọ́n ń sá fún, àti owó orí, àti bí wọ́n ṣe ń fi tipátipá kó àwọn ọ̀dọ́kùnrin lọ sójú ogun nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní. Ọ̀jọ̀gbọ́n Anthony Aṣíwájú, ọmọ Ìmẹ̀kọ, ti kọ ìtàn yìí sílẹ̀ kúnnákúnná. Nígbà náà, àwa ni a gba ará Kétu àti Ọ̀họ̀rí sílé. Ní ọdún 2021, àwa ni a sá lọ sọ́dọ̀ wọn, wọ́n sì gbà wá. Ohun tó gba ènìyàn là nígbà méjèèjì ni ẹbí, àna, àti ẹni tí a jọ ń ná ọjà kan náà.

Mo sọ èyí torí pé bí a bá fẹ́ gbé ètò ibùgbé pàjáwìrì yẹ̀ wò ní ilẹ̀ yìí, a gbọ́dọ̀ mọ ibi tí ibùgbé náà wà gan-an. Ẹni tó bá ń wá àgọ́ kan tí wọ́n fi tapólì pa ní ọ̀wọ́-ọ̀wọ́, tó ní géètì àti àsíá, kò ní rí nǹkan púpọ̀ kà. Yàrá ẹ̀yìn nílé ẹ̀gbọ́n, ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé ọkọ àbúrò, gbọ̀ngàn ìjọ, yàrá kan tí wọ́n háyà ní Ayétòrò tàbí Ìláròó, ìwọ̀nyí ni ibùgbé pàjáwìrì wa. Yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ sì ni èyí tí ìjọba kọ́kọ́ máa ń rántí ní Nàìjíríà. Bẹ́ẹ̀ ni ó rí ní ìpínlẹ̀ Benue ní ọdún 2018, nígbà tí ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ di àgọ́ ogunléndé.

Ẹ jẹ́ ká wọ inú yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ náà lálẹ́. Wọ́n ti to àwọn àga àti tábìlì akẹ́kọ̀ọ́ jọ sí ẹ̀gbẹ́ ògiri, àwọn mìíràn sì ti di ibi tí wọ́n ń gbé ìkòkò lé. Wíńdò kò ní gíláàsì, òmíràn kò ní ìlẹ̀kùn, nítorí náà ẹ̀fọn ń wọlé bó ṣe wù ú. Ìyá kan ta aṣọ ìró láti ìṣó pátákó ìkọ̀wé dé ìṣó wíńdò, kí òun àti àwọn ọmọ rẹ̀ obìnrin lè rí ibi pààrọ̀ aṣọ. Bàbá àgbàlagbà tí ẹsẹ̀ ń dùn kò lè dìde lóru láìtẹ ọmọ ẹlòmíràn mọ́lẹ̀. Ṣáláńgá wà ní ẹ̀yìn ọgbà, òkùnkùn sì wà lọ́nà rẹ̀. Àwọn ọmọbìnrin kì í lọ níbẹ̀ àfi kí wọ́n lọ ní mẹ́ta. Tí ó bá di òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé, olùkọ́ dé, akẹ́kọ̀ọ́ dé, gbogbo ẹrù gbọ́dọ̀ jáde sí abẹ́ igi. Bó ṣe rí nìyẹn títí tí ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ á fi sọ pé ìdánwò ti ń bọ̀, kí wọ́n wá ibòmíràn lọ.

Àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ ìrànwọ́ káàkiri ayé ti fẹnu kò lórí òṣùwọ̀n kan tí wọ́n ń pè ní Sphere, iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1997. Ó ní ènìyàn kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ ní ó kéré tán mítà alábùú-lóòró mẹ́ta ààbọ̀ lábẹ́ òrùlé, lítà omi 15 lójúmọ́, kí àwọn tó ń lo ilé ìgbẹ́ kan má sì ju ènìyàn 20 lọ. Ẹ wá bá mi ṣírò rẹ̀. Yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ tó gùn ní mítà 8, tó fẹ̀ ní mítà 7, ènìyàn 16 péré ló lè gbà lọ́nà tó bójú mu. Ìdílé mẹ́ta ti kún un. Ẹni tó bá kó ọgọ́ta ènìyàn sínú rẹ̀, tó wá kọ ọ́ sínú ìròyìn pé òun ti fún ọgọ́ta ènìyàn ní ibùgbé, òrùlé ló fún wọn. Kí ó má pe ìyẹn ní ibùgbé.

Bí ìròyìn àwọn ètò wa ṣe máa ń rí nìyí: iye àpò ìrẹsì, iye fóòmù, iye páànù, iye àwọn tó jẹ àǹfààní, àti fọ́tò ọ̀gá kan tó ń fa nǹkan lé ìyá arúgbó kan lọ́wọ́. Mi ò sọ pé irọ́ ni. Ẹ̀gbọ́n mi kan tó ṣiṣẹ́ ìjọba fún ìgbà pípẹ́ ti bá mi jiyàn pé àkọsílẹ̀ ohun tó jáde ní ilé ìṣúra ṣe pàtàkì, kí àwọn olè má bàa kó o. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ìwé ẹni tó ń ṣọ́ ilé ìṣúra ni, kò lè sọ fún wa bóyá ìdílé náà ti kúrò lórí ilẹ̀ẹ́lẹ̀. Ọjọ́ tí wọ́n pín ẹrù ni ìròyìn máa ń parí. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ọjọ́ yẹn gan-an ló yẹ kí ìgbéléwọ̀n bẹ̀rẹ̀.

Àṣìṣe kìíní nìyẹn. Èkejì burú jù ú lọ. Bí a bá tilẹ̀ padà lọ béèrè, ibi tí wọ́n pọ̀ sí ni a máa ń lọ, a ó wá bi àwọn tó ṣì wà níbẹ̀. Àwọn tó ti lọ ńkọ́? Bóyá wọ́n ti tún ilé wọn kọ́. Bóyá wọ́n ti di alárù ní ọjà Ìpóbẹ̀ ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀. Bóyá ọmọbìnrin kan ti di ọmọ ọ̀dọ̀ l'Ékòó kí ẹnu kan lè dín nínú ilé. Gbogbo wọn ni ìwé máa ń pè ní "wọ́n ti kúrò", ìwé á sì ka gbogbo wọn mọ́ àṣeyọrí. Nígbà tí ìjọba ìpínlẹ̀ Borno ń ti àwọn àgọ́ ogunléndé Maiduguri pa láti ọdún 2021, àgọ́ ń dínkù lórí ìwé. Ṣùgbọ́n àjọ Human Rights Watch ròyìn ní ọdún 2022 pé àwọn tí wọ́n kó kúrò níbẹ̀ ju 140,000 lọ, pé ọ̀pọ̀ wọn kò sì rí oúnjẹ tàbí ilé gidi níbi tí wọ́n lọ. Àgọ́ tó ṣófo kì í ṣe ẹ̀rí pé àwọn tó wà nínú rẹ̀ ti délé.

Lọ́dọ̀ tiwa, ọ̀rọ̀ náà tún ní kókó mìíràn, bọ́dà ló sì fà á. Nàìjíríà buwọ́ lu Àdéhùn Kampala, èyí tí Àjọ Ìṣọ̀kan Áfíríkà ṣe ní oṣù kẹwàá ọdún 2009, ó sì fìdí rẹ̀ múlẹ̀ ní ọdún 2012. Àdéhùn yẹn ló ní kí ìjọba dáàbò bo àwọn tí rògbòdìyàn lé kúrò nílé ṣùgbọ́n tí wọ́n ṣì wà nínú orílẹ̀-èdè wọn. Ẹni tó bá kọjá bọ́dà, òfin mìíràn ló dé e, ìyẹn àdéhùn Áfíríkà ti ọdún 1969 lórí àwọn ogunléndé. Ẹ wá wo obìnrin kan láti abúlé kan lẹ́bàá Ẹgùá. Ó sá lọ sí ilé ìyá rẹ̀ ní ẹ̀bá Kétu. Kò fi orúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ẹnikẹ́ni, torí ta ni í lọ fi orúkọ sílẹ̀ kí ó tó wọ ilé ìyá rẹ̀? Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀ ó padà wá hú ẹ̀gẹ́ nínú oko rẹ̀ lọ́sàn-án, ó sì tún lọ sùn ní òdì kejì lálẹ́. Ọ̀sẹ̀ yìí ó wà níbí, ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ó wà lọ́hùn-ún. NEMA, àjọ pàjáwìrì Nàìjíríà, kò rí i kà, àjọ tó ń rí sí ogunléndé ní Bẹ̀nẹ̀ kò rí i kà. Kò sì sí ẹni tó ka ìyá rẹ̀, tó ti ń fi gàrí ẹni mẹ́rin bọ́ ẹni mọ́kànlá.

Ìyá yẹn gan-an ló ni ètò ibùgbé pàjáwìrì tó tóbi jù ní ilẹ̀ Yewa. Òun ló san owó rẹ̀. Bí ìgbéléwọ̀n wa kò bá béèrè bí nǹkan ṣe rí nílé ẹni tó gbàlejò, tí kò béèrè bóyá ó ti jẹ gbèsè, bóyá ó ti ta ewúrẹ́ rẹ̀, bóyá àjọṣe òun àti ọmọ rẹ̀ ṣì dán mọ́rán, a ò tíì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Àlejò oṣù kan ni ẹbí ń gbà tayọ̀tayọ̀. Tí ó bá di oṣù kẹfà, tí òjò ń rọ̀, tí ọmọ méje ń sùn lórí ẹní kan, ìjà á bẹ̀rẹ̀ lórí ẹni tó bu omi tán nínú ìkòkò. Ọ̀pọ̀ ìdílé sì máa ń padà sínú ewu ní àkókò yẹn. Ìtìjú ló lé wọn padà, ibẹ̀ kò tíì rọgbọ rárá.

Mo fẹ́ dúró díẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ àsìkò, torí pé àwọn tó ń ṣètò owó ní ọ́fíìsì kì í sábà rò ó. Oṣù kejì, àárín ọ̀gbẹlẹ̀, ni wọ́n lé àwọn ènìyàn wa. Ẹni tó bá mọ bí a ti ń fi amọ̀ mọ ilé mọ̀ pé ọ̀gbẹlẹ̀ ni àsìkò rẹ̀. A ó po amọ̀, a ó tẹ̀ ẹ́, a ó mọ ìpele kìíní, a ó jẹ́ kí ó gbẹ kí a tó gbé ìkejì lé e, títí ògiri yóò fi ga tó. Tí òjò bá bá ògiri tí a kò tíì fi páànù bò, ó ti wó nìyẹn. Nítorí náà, páànù tó dé ní oṣù kẹta lè gba ògiri tí iná jó kù là. Páànù kan náà, tó bá dé ní oṣù kẹfà, ògiri ti di òkìtì. Ẹni tí wọ́n fún á tà á láti fi ra oúnjẹ, alábòójútó á sì kọ ọ́ sínú ìwé pé àwọn ènìyàn ń ta ẹrù ìrànwọ́. Ẹ̀bi ta ni? Mo sọ ọ́ láìfọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n: ẹ̀bi ẹni tó mú un dé lẹ́yìn òjò ni.

Bẹ́ẹ̀ náà ni oko. Àgbàdo àkọ́rọ̀ òjò ni a ń gbìn ní oṣù kẹta sí ìkẹrin. Ẹ̀gẹ́ tí a bá gbìn lónìí, ó di nǹkan bí ọdún kan kí ó tó gbó dáadáa. Ìdílé tí kò bá rí ibi gbìn sí ní àkọ́rọ̀ òjò ọdún 2021, ebi ọdún 2022 ti dúró dè é. Torí náà, yàrá tí a háyà fún àgbẹ̀ ní Ìláròó, bó tilẹ̀ dára ju yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ lọ ní ìlọ́po mẹ́wàá, tí kò bá rí ọkọ̀ dé oko, ilé tí yóò fi sílẹ̀ ni. Owó ọ̀kadà lọ-bọ̀ á jẹ gbogbo ohun tí oko bá mú wá. Lẹ́yìn náà ni onílé á tún dé, yóò ní owó ọdún kan gbáko lẹ́ẹ̀kan, pẹ̀lú owó agirimẹ́ǹtì àti kọmíṣọ́ọ̀nù. Ètò tó bá san owó ilé oṣù mẹ́ta nínú irú ọjà ilé báyìí kò mọ ọjà náà.

Kì í ṣe àwa nìkan ni ọ̀rọ̀ yìí kàn. Nígbà tí Gánà kọ́ ìdídò Akosombo ní àwọn ọdún 1960, nǹkan bí ènìyàn 80,000 ni omi Volta lé kúrò ní abúlé tó ju 700 lọ. Ìjọba kọ́ ìlú tuntun 52 fún wọn. Àkókò kò tó, owó kò tó, nítorí náà yàrá kan ni wọ́n parí fún ìdílé kọ̀ọ̀kan, wọ́n ní kí onílé parí ìyókù fúnra rẹ̀. Ìdílé tó ní yàrá púpọ̀ lábúlé bá ara rẹ̀ nínú yàrá kan, ilẹ̀ oko kò sì tíì ṣetán. Láàárín ọdún díẹ̀, ọ̀pọ̀ wọn ti kúrò. Ohun tí mo yìn nínú ìtàn náà ni pé àwọn ará Gánà padà lọ wò ó, wọ́n kà á, wọ́n sì tẹ àbájáde rẹ̀ síta ní ọdún 1970, àléébù àti gbogbo rẹ̀. Nípa ti àdúgbò Maroko tí ìjọba ológun Èkó wó ní oṣù keje ọdún 1990, tó lé nǹkan bí ènìyàn 300,000 síta, àwọn díẹ̀ tí wọ́n kó lọ sí Ìlàsàn àti Ìkọ̀ta bá ilé tí kò parí. Ọgbọ̀n ọdún ó lé ni èyí, ìjọba kò sì tíì ka àwọn yòókù fún wa.

Ní Amẹ́ríkà, wọ́n ṣe ìwádìí kan tó yẹ kí gbogbo aṣètò mọ̀. Láàárín ọdún 2010 sí 2012, wọ́n mú ìdílé 2,282 tó wà ní àgọ́ aláìnílélórí ní agbègbè 12, wọ́n fi kèké pín wọn: àwọn kan gba ìwé ìrànwọ́ owó ilé tí kò ní gbèdéke kúkúrú, àwọn kan gba owó ilé fún ìgbà díẹ̀, àwọn kan lọ sí ilé àfidípò tó ní olùdámọ̀ràn, àwọn tó kù sì ń bá ètò àgọ́ lọ bó ṣe wà. Wọ́n padà béèrè lẹ́yìn oṣù 20, wọ́n tún béèrè lẹ́yìn oṣù 37. Àwọn tó gba ìrànwọ́ owó ilé tó wà pẹ́ ni wọn kò padà sí òde mọ́ tó bẹ́ẹ̀. Àìnílé dínkù láàárín wọn ní ju ìdajì lọ. Àwọn tó gba owó fún ìgbà díẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ sàn ju àwọn tí wọn kò fún ní nǹkan pàtàkì kan lọ. Kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló bá Yewa mu, nítorí ẹni tí wọ́n jó ilé rẹ̀ ní Àsá ní ilẹ̀ baba rẹ̀, ààbò ni kò ní. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ dì mú ni oṣù 20 àti oṣù 37 yẹn. Wọ́n padà lọ béèrè, wọ́n sì wá àwọn tó ti kúrò kàn.

Àwọn kan á ní owó tí a bá ná lórí ìwádìí jẹ́ owó tí ìbá ra oúnjẹ. Mo gbọ́ ọ, mi ò sì fojú kéré rẹ̀, ebi kì í dúró de ìwádìí. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí mo ń sọ kò wọ́nwó. Ìwé rẹ́jísítà kan ni, tó ní orúkọ olórí ìdílé, lọ́kùnrin tàbí lóbìnrin, iye ọmọ, abúlé tí wọ́n ti wá, nọ́ńbà fóònù wọn, nọ́ńbà ẹbí kan tí kò sá, àti nọ́ńbà Bẹ̀nẹ̀ fún ẹni tó bá kọjá, torí ẹni tó bá dé Kétu á pààrọ̀ káàdì fóònù. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, oṣù mẹ́fà àti ọdún kan, ẹnì kan á pè wọ́n, á béèrè ìbéèrè márùn-ún: ibo ni ẹ ń sùn? Ènìyàn mélòó ní yàrá kan? Ta ló ni ilé náà? Ṣé ẹ ti gbin oko? Ṣé àwọn ọmọ ń lọ sílé-ẹ̀kọ́? Ìláròó tó ní Pólí láti ọdún 1979 kò lè sọ pé òun kò rí akẹ́kọ̀ọ́ tó mọ ìṣirò tó máa ṣe é. Ayétòrò náà ní àwọn akẹ́kọ̀ọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ ní ọgbà yunifásítì.

Ìwé náà gbọ́dọ̀ gba gbogbo orúkọ. Àwọn Fúlàní kan wà tí a bí ní ilẹ̀ yìí, tí wọ́n ń sọ èdè wa bí a ṣe ń sọ ọ́, tí gáà tiwọn náà jóná ní ọdún 2021. Àwa tí a mọ ohun tí ó jẹ́ láti sùn sí ìta kò gbọdọ̀ fo orúkọ ọmọ wọn. Ẹni tó bá jẹ̀bi ìpànìyàn, ilé ẹjọ́ ló ni í, láti apá yòówù kó ti wá. Ọmọ ọdún mẹ́ta tó ń sùn lábẹ́ igi kò jẹ̀bi ohunkóhun.

Ẹ̀yin alága ìjọba ìbílẹ̀ Àríwá Yewa àti Ìmẹ̀kọ-Àfọ̀n, ẹ̀yin tí ẹ wà ní àjọ pàjáwìrì ìpínlẹ̀ Ògùn, ẹ jọ̀wọ́, ẹ ra rẹ́jísítà náà. Ẹ fún akọ̀wé ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè ní àdúgbò kọ̀ọ̀kan ní ẹyọ kan, kí ẹ má dúró de ìjà mìíràn. Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú àwọn tó sá ní ọdún 2021: ẹ wá wọn kàn, ní ìhà ìhín àti ní ìhà Kétu, ẹ béèrè ibi tí wọ́n ń sùn, kí ẹ sì fún àwọn tó gbà wọ́n sílé ní ìrànwọ́ tiwọn. Ẹ̀yin ọba wa ní ìhà bọ́dà méjèèjì, ẹ bá wa ránṣẹ́ síra yín lórí ọ̀rọ̀ yìí, torí ọ̀rọ̀ yín dé ibi tí lẹ́tà ìjọba kì í dé. Páànù tí ẹ bá sì fẹ́ fún ẹnikẹ́ni, ẹ jẹ́ kí ó dé kí òjò tó bẹ̀rẹ̀.